Kí A Tó Lọ Ra Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a ń rà ní odidi nínú páálí, tí a kàn ń gbé sórí tábìlì tí a sì ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Irú èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò láti orí dé ẹsẹ̀, tí ó ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń ṣa irin jọ, kí ó lè máa fi wo fíìmù pẹ̀lú ará ilé lálẹ́, kí ó sì máa fi gbá géèmù nígbà tí ará ilé bá ti sùn, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ló kó mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá sí ilé mi n'Íbàdàn lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, owó ti pé lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà fúnra mi, mo sì ti kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ rà sílẹ̀. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Mo gba ìwé náà, mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Púrósẹ́sọ̀ ńlá ló ṣíwájú; gíráfíìkì káàdì kan tí owó rẹ̀ tó ra màlúù Iléyá ló tẹ̀ lé e; fáànù mẹ́fà tí ń tan iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná àwọ̀ aró ló jókòó sí àárín; ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ibi tó kọ páwà páàkì sí, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni, "èyíkéyìí tí owó bá kù fún." Mo dákẹ́ lọ títí. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ yìí ti sọmọ lórúkọ, ó ti yan aṣọ ìkómọjáde, kò sì tíì bojú wo ilé rárá.

Mo ní kí ó jókòó, mo sì bi í ní ìbéèrè méjì péré. Mo ní, "Ojú wo ni ẹ ó máa fi wo iṣẹ́ rẹ̀? Iná wo ni yóò sì máa jẹ?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbàlagbà ń pa àlọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi méjì yìí, ìyẹn ojú tẹlifíṣọ̀n níwájú àti iná ara ògiri lẹ́yìn, ni òpó méjì tí ilé náà dúró lé, nítorí pé gbogbo ohun tí ń bẹ láàárín wọn, ìbáà jẹ́ púrósẹ́sọ̀, ìbáà jẹ́ ráàmù, ìbáà jẹ́ gíráfíìkì káàdì tí gbogbo ọ̀dọ́ ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, ìránṣẹ́ tí ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀kan lọ fún èkejì ni wọ́n. Ẹni tí kò bá sì mọ ẹni tó rán ìránṣẹ́ àti ẹni tí a rán an sí, báwo ni yóò ṣe mọ irú ìránṣẹ́ tó yẹ kí ó wá?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ojú. Tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pálọ̀ ìyá rẹ̀, 4K ni. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àmì tíńtìntín 3,840 ló tò ní ìbú, 2,160 ló tò ní òró, àpapọ̀ wọn sì lé ní mílíọ̀nù 8. Bẹ́ẹ̀ ni ti 1080p tí a ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ kò ju mílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Géèmù tí yóò bá máa yọ̀ geere lójú, ìgbà 60 ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ya gbogbo àwòrán náà tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wá ní kí géèmù òun máa ṣiṣẹ́ ní 4K, iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ló gbé fún alágbàṣe kan, alágbàṣe bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba owó kékeré.

Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná ìnákúnàá. Fíìmù dà bí ẹ̀kọ tí a ti sè, tí a ti fi ewé dì. Títú u nìkan ló kù. Géèmù ni iyán, tí a gbọ́dọ̀ gún lójú ẹsẹ̀ fún àlejò tí kò yéé wọlé. Ìdí nìyí tí gíráfíìkì kékeré tí wọ́n kọ́ mọ́ inú púrósẹ́sọ̀, irú èyí tó wà nínú Ryzen 5 5600G tí AMD gbé jáde ní ọdún 2021, fi lè gbé fíìmù 4K láìlàágùn, tí yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí a bá gbé géèmù ńlá kò ó lójú. Kìkì pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ẹ̀kọ náà ń yí padà: irú ìdìpọ̀ tí wọ́n ń pè ní AV1, tó ti gbilẹ̀ lórí YouTube, 5600G kò ní ọwọ́ tí a dá mọ́ ọn tí yóò fi tú u, agbára ọpọlọ rẹ̀ ni yóò máa ná sí i, ṣùgbọ́n káàdì bíi RX 6600 àti RTX 3060 mọ̀ ọ́n tú bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé, "Máa wo fíìmù ní 4K, kí o máa gbá géèmù ní 1080p, tẹlifíṣọ̀n ìyá rẹ kò ní bínú sí ọ." Ìpinnu kan ṣoṣo yìí ló gba owó là lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé káàdì tó tó màlúù ti kúrò nínú ìwé, RX 6600 ló sì bọ́ sí ipò rẹ̀, èyí tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, tó ní ìrántí gígábáìtì 8, tí kò sì jẹ ju bíi 132 wáàtì lọ. RTX 3060, tó ṣáájú rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún náà, ní gígábáìtì 12, ṣùgbọ́n wáàtì 170 ni tirẹ̀ ń jẹ. Ẹ fi iye wáàtì wọ̀nyí sọ́kàn.

Ó wá ku iná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ti jó ni lọ́wọ́ rí kì í tán lẹ́nu ẹni bọ̀rọ̀. Páwà páàkì, àpótí irin tí ń gbé kọ̀rọ̀ bọ́ gbogbo ilé, a-gba-iná-líle-sọ-ọ́-dẹ̀rọ̀, ìyá àgbà tí a kì í rí lójú agbo, bẹ́ẹ̀ agbo kò lè gbá láìsí i, òun ló ń gba iná 230 fóltì láti ara ògiri wa, tó ń sọ ọ́ di fóltì 12, fóltì 5 àti fóltì 3.3 tí àwọn ẹ̀yà yòókù lè jẹ láìkú. Bí púrósẹ́sọ̀ bá bàjẹ́, òun nìkan ló bàjẹ́. Bí páwà páàkì burúkú bá ń kú lọ, ó lè mú mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé, àti káàdì dání lọ sọ́run. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ra ọ̀kan tó jẹ́ tòkunbọ̀, tó ti Amẹ́ríkà wá, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ 115 sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kọ 230 sí ìkejì, 115 ló sì dúró sí, nítorí pé iná ilé wọn lọ́hùn-ún kò ju bí ìdajì tiwa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kì í bọ ara ògiri, ó ró gbàù, èéfín sọ, ìyá mi sì sáré gbé garawa omi wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo fa wáyà yọ kí wọ́n tó dà á. Oníṣòwò tó tà á fún mi ní ọjà tí a bá ti gbé kúrò ní ìsọ̀ òun kò ní àbọ̀. Àwọn tó dára tí wọ́n ń ṣe lóde òní ń gba ohunkóhun láti fóltì 100 dé 240 láìsí pé ẹnikẹ́ni ń yí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn ṣì ń bẹ lórí àtẹ. Ẹ máa yí wọn wo ẹ̀yìn.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tó ju ti bọ́tìnnì lọ. Nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sí ara páwà páàkì kọ́ ni kí ẹ gbára lé, àtẹ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kà: ẹ wá ìlà fóltì 12, ẹ wo iye ámpíà tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 500 wáàtì sí láyà bí oyè, tó sì jẹ́ pé ámpíà 16 ló wà lórí ìlà náà. 12 lọ́nà 16 jẹ́ 192, ìlà yìí kan náà sì ni púrósẹ́sọ̀ àti gíráfíìkì káàdì ń jẹ. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò pẹ̀lú. Èyí tó bá fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì, páálí bisikíìtì náà ni. Fún ti ọmọ wa, a ṣírò rẹ̀: púrósẹ́sọ̀ tí a wá yàn ń jẹ bíi wáàtì 76 nígbà tí ó bá le jù, káàdì ń jẹ 132, a fi bíi 50 kún un fún fáànù, dísìkì àti ìyókù, kò tó 300. A wá ra èyí tó jẹ́ 550 lóòótọ́, tó ní àmì 80 Plus Bronze, nítorí pé páwà páàkì tí ń gbé nǹkan bí ìdajì ẹrù rẹ̀ kì í gbóná, kì í kígbe, àmì Bronze yẹn sì jẹ́ ẹ̀rí pé nínú wáàtì 100 tó bá fà lára ògiri ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ó kéré tán 85 ló ń dé inú ẹ̀rọ, ìyókù nìkan ló ń di ooru. Ìdájọ́ tèmi nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn: nínú náírà mẹ́wàá tí ẹ bá ní, ẹ má ṣe fún páwà páàkì ní ohun tó dín ní kan, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ fún gíráfíìkì káàdì ní mẹ́rin.

Nítorí pé iná ìjọba tiwa kì í dágbére kó tó lọ, UPS, àpótí bátìrì tí ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lójú tèmi. Ṣùgbọ́n VA tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀ kì í ṣe wáàtì o. Èyí tí wọ́n kọ 650VA sí, bíi 360 sí 390 wáàtì ló sábà máa ń gbé. Ẹ má so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, a mú ọ̀nà Ikeja pọ̀n, ó di Computer Village ní àdúgbò Otigba, níbi tí ènìyàn kò ti lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ẹnì kan má di í lọ́wọ́ mú pé, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà? Kí lẹ fẹ́ tún ṣe?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìyẹn ló gbé mi dé ibẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ń dùn mí. A kọ́kọ́ dúró ti púrósẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe CPU gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àpótí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ará ilé wa ń pè bẹ́ẹ̀. Ryzen 5 5600 la mú, ó ní ọkàn mẹ́fà, kò sì ní gíráfíìkì kankan nínú, nítorí pé a ti ní káàdì lọ́tọ̀. Bákan náà ni ti Intel tí lẹ́tà F bá gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra káàdì, kó sá fún àwọn wọ̀nyí o, nítorí pé kò ní rí àwòrán kankan. Ihò tí púrósẹ́sọ̀ yìí ń jókòó sí ni AM4. Abẹ́rẹ́ wúrà 1,331 ló wà ní ikùn rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì wọ́, kò ní wọlé, nítorí náà mo fi iná fóònù wò ó ní ìlà ní ìlà kí a tó sanwó, bí ìgbà tí ìyá arúgbó ń wá iná orí nínú irun ọmọ. Ní ti àwọn Intel òde òní, inú ihò mọ́dábọ́ọ̀dù ni abẹ́rẹ́ wà, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. AM5 tó rọ́pò AM4 ti jáde láti ọdún 2022, ráàmù DDR5 nìkan ló ń jẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń fi kọ́ ọwọ́, mo fara mọ́ AM4 àti DDR4 tí owó wọn ti rọ̀ nígbà náà. Ohun tí n kò jẹ́ gbà ni kí a ra ọ̀kan nínú ìdílé yìí, kí a ra èkejì nínú ìdílé yẹn: DDR4 kò lè wọ ihò DDR5 láé, wọ́n ti gé eyín wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mọ́dábọ́ọ̀dù B550 ni a so mọ́ ọn, mo sì ní kí oníṣòwò náà sọ BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tí ń jí ẹ̀rọ, di tuntun lójú wa, nítorí pé èyí tó bá ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá púrósẹ́sọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀, bí àgbà tó ti ń sùn kí wọ́n tó bí ọmọ tuntun nínú agbo ilé. Ráàmù gígábáìtì 16 la rà, ṣùgbọ́n a kò ra ẹyọ kan. 8 méjì la rà, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, mọ́dábọ́ọ̀dù sì ń gba ọ̀nà méjì bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá jẹ́ méjì. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tó ní ihò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin, bí a bá ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ púrósẹ́sọ̀, ni wọ́n sábà ń gbà.

Ní ìdí gíráfíìkì káàdì ni ariwo ti sọ. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé tòkunbọ̀ kan jáde, ó ní tuntun ni. N kò kórìíra tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ethereum jáwọ́ nínú lílo káàdì láti fi wa owó, àìlóǹkà káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì rọ́ wọ ọjà káàkiri ayé. Fáànù wọn á ti gbó, òróró tó wà lábẹ́ irin wọn á ti gbẹ. Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ògbólógbòó káàdì tí wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà, tí wọ́n ń tà bíi GTX 1050 Ti. Mo ní kí wọ́n kì í bọ ẹ̀rọ, kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò ọ̀fẹ́ tí ń tú àṣírí irú wọn, kí wọ́n sì fún un níṣẹ́ líle fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kò sí iná. A kí i, a kọjá. Ní ìsọ̀ kẹta ni a ti rí ẹni tó ní iná, tó sì ní sùúrù.

Ti ibi ìpamọ́ kò gba àròjinlẹ̀: SSD onígígábáìtì 1,000 irú NVMe fún Windows àti géèmù, háàdì dísìkì àtijọ́ tó wà nílé fún fíìmù, torí pé fíìmù kì í kánjú.

Fáànù mẹ́fà oníná ńkọ́? Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Àpótí tí mo bá a yàn ní ojú asẹ́ níwájú dípò gíláàsì, nítorí pé ní ìgbà ọyẹ́ tiwa yìí, eruku ń wọlé bí àlejò tí a kò pè, afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà wọlé sì ń sọ àpótí di ìkòkò ata. Fáànù méjì níwájú tí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé gba inú asẹ́ tí a lè yọ fọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn tí ń lé e jáde, ó tó. A fi okùn wọn gígùn káàdì kí a tó sanwó fún àpótí náà. Inú ọmọ náà kò dùn nípa àwọn iná aláwọ̀ mèremère yẹn títí di òní, mo mọ̀.

Nílé ẹ̀gbọ́n mi la ti tò ó, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. N kò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó, mo ń wò. Kí ó tó mú ohunkóhun, mo ní kí ó di irin àpótí mú ná, nítorí pé ọyẹ́ ń gbẹ ara ènìyàn débi tí iná tíntìntín fi ń ta láti ọwọ́ ẹni, èyí tí a kò mọ̀ lára sì lè pa ráàmù. Ó gbà á tó wákàtí mẹ́ta. Ó tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí, tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn birimù. Ó wò mí, òógùn bò ó, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti jẹ owó mi." Mo dìde, mo yọjú sẹ́yìn àpótí. Ihò HDMI ti mọ́dábọ́ọ̀dù ló ki wáyà bọ̀, bẹ́ẹ̀ púrósẹ́sọ̀ tirẹ̀ kò ní gíráfíìkì. Mo yọ wáyà náà, mo kì í bọ ara káàdì nísàlẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n là, ìkọ̀wé funfun jáde, gígábáìtì 16 pé.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ àdúgbò fi pariwo pé wọ́n ti mú iná lọ. Pálọ̀ ṣú, tẹlifíṣọ̀n kú, UPS bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí, pí, pí, ṣùgbọ́n àpótí náà ń mí lọ jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n wo òkùnkùn, wọ́n wo iná kékeré kan ṣoṣo tí ń ṣẹ́jú lára àpótí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ lè so fìríìjì mi náà mọ́ nǹkan yìí?"